Awùsá Ẹ̀yìnkùlé Ayọ̀bọ̀

Èmi, Gbóyèga Olúrẹ̀mí Fẹ́kọ́mi, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tó fi Ayọ̀bọ̀ ṣe ilé, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, kò sí àìsàn lára mi. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ilé-ìwé gírámà ni mo kà mọ. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, kí Táyéwò àbúrò mi, tí yóò pín ogún yìí, bá mi tún un ṣe.

1. Ilé wa jẹ́ ti Ọláfimíhàn, ìyàwó mi. Orúkọ tèmi nìkan ló wà nínú ìwé ilẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló pọn gbogbo omi tí a fi po sìmẹ́ǹtì. Kí ẹbí má bá a du ú.

2. Ewúrẹ́ mẹ́ta àti àkàbà jẹ́ ti Báyọ̀dé ọmọ wa. Kí ó tọ́jú àwọn ewúrẹ́ náà dáadáa. Mo purọ́ mọ́ ìyá wọn rí.

3. Awùsá tó gun igi obì lẹ́yìnkùlé jẹ́ ti Ọláfimíhàn pẹ̀lú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní irúgbìn àkọ́kọ́ láti Ìdànrè, ó ní òun fẹ́ jẹ nínú èyí tó bá kọ́kọ́ so. Ọdún mẹ́rin ni ìyàwó mi fi tọ́jú rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí awùsá ló ń yà sí kó tó wá kí mi. Èmi, àgbà ọkùnrin, mo ń jowú ewéko. Lọ́jọ́ kan tí a jà, mo fi àdá gé e nídìí, mo ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Kò bá mi jiyàn. Ó gbin òmíràn síbẹ̀. Ní ọdún kejì, ìyá rẹ̀ kú láìtọ́ ọ wò. Awùsá kejì yìí ti pé ọdún márùn-ún báyìí, kò tíì so. Bóyá èmi ni kò jẹ́ kó so, n ò mọ̀. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ ọ́ lójú rẹ̀. Kí Táyéwò kà á fún un tí mo bá lọ tán.

Kí ẹnikẹ́ni má gé e, ì báà fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Kí wọ́n má sì gùn ún lọ ká a. Awùsá tó bá gbó á já fúnra rẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ já, kí wọ́n sè é fún Ọláfimíhàn nìkan. Kí ó má mu omi lé e, yóò korò lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ jàre, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

4. Àdá mi: kí Táyéwò gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́. N ò fẹ́ kí àdá náà bá ìyàwó mi gbélé.

Mo fọwọ́ sí i ní Ayọ̀bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

G. O. Fẹ́kọ́mi

Àwọn ẹlẹ́rìí: Wàsíù Ṣóbọ̀wálé, aládùúgbò, Olúwadọ̀tun Ọmọ́tọ́ṣọ́, olùkọ́.

Èmi Ọláfimíhàn ni mo kọ èyí sísàlẹ̀. Inú Bíbélì yín ni mo ti rí ìwé náà. Bàbá Báyọ̀dé, mo rí ojú àdá lára awùsá àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Màmá mi náà mọ̀. Àwọn ló ní kí n má wí, kí n gbin òmíràn. Kò tíì so. Ẹ má tíì kú.