Èènì Ọ̀rọ̀ Méjì fún Tàwàkálítù

Kétu, ọjọ́ ọjà

Tàwàkálítù ọmọ mi, Àníkẹ́,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí o fi ń kọ́ iṣẹ́ táípù ní Èbúté-Mẹ́ta, Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí ọ̀kan rọ nínú wọn. Gbogbo wa wà láàyè. Òjò ń rọ̀, ata ń so, ewúrẹ́ bàbá rẹ ti bímọ, ó sì jẹ gèlè mi kan lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́ lówó ìkómọ. Ràímì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójúde wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà bí o bá rí epo lára rẹ̀, má ṣe rò pé àkàrà ni mo ń jẹ.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Ràímì kà á tán, mo ní kó tún un kà, torí mo rò pé ti ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún mi. O ní ọ̀rọ̀ méjìdínlógójì lo tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, pé ogójì ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó fún èèyàn níwèé ẹ̀rí, pé o kò ṣàṣeyọrí, pé ojú ń tì ọ́, o kò sì ní í wálé Iléyá. Èmi kò gbà. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ pé èmi Ajarat kò gbà!

Tàwá, ta ló kọ́ ọ ní irú àṣeyọrí tí o ń sọ yẹn? Nígbà tí Súmbọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ rọbí láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, tí a wá gbóhùn ìyá, tí a gbóhùn ọmọ, kí ni lèmọ́mù wí nígbà tó ń ṣàdúà? Ó ní àṣeyọrí ni. Ṣé ẹnì kan ka ọ̀rọ̀ tí Súmbọ̀ sọ ní ìṣẹ́jú kan ni? Lọ́rì tó rì sínú ẹrọ̀fọ̀ lọ́nà Ọ̀jọ́ta ńkọ́, tí ìdajì iṣu inú rẹ̀ jẹrà? Awakọ̀ fò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní òun ṣàṣeyọrí, òun délé. Bàbá rẹ gan-an, bó bá yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, àṣeyọrí ló ń pè é. Ẹnu wa ni àwọn onítáípù ti bá ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì lè gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìyá Gafar tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Láti ìgbà tí Gafar ọmọ rẹ̀ ti yege nínú ìdánwò táípù, bó ń ta ata, "ọmọ mi aláṣeyọrí", bó ń ra epo, "ọmọ mi aláṣeyọrí". Mo bi í lójú ọjà pé aláṣeyọrí tí kò wálé láti èṣín, kí ló fi yàtọ̀ sí ọmọ tó sọnù? Ó bínú, ó kó ìsọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Kó máa kó o lọ.

Má bínú o, mo ti lọ bá ọ̀gá yín. Mo di ata kún agbọ̀n kan, mo wọ bọ́lẹ̀kájà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, n kò mọ apá ibi tí màá wò mọ́ kí n tó sọdá títì, àmọ́ mo débẹ̀, bí n kò tilẹ̀ bá ọ níbẹ̀. Ọ̀gá yín kí mi dáadáa, wọ́n fún mi ní àga. Mo ní mo wá gba èènì ọmọ mi. Wọ́n ní èènì kí ni. Mo ní ẹ̀yin kì í lọ sọ́jà ni, sà? Ẹni tó bá ra ata lọ́wọ́ mi, mo máa ń bu díẹ̀ lé e. Ọmọ tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ yín pé, tó gba méjìdínlógójì, ẹ kò wá lè fi méjì péré ṣe èènì fún un? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í ṣe ata. Mo ní bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló wọ́n lọ́dọ̀ yín, èmi ní in lọ́wọ́, mo sì fún wọn ní méjì lójú ẹsẹ̀, àlùbáríkà àti àlàáfíà, kí wọ́n fi kún tìrẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní ìṣẹ́jú ti tán kí méjì yẹn tó dé. Mo ní ó dáa, kí wọ́n bu èènì lé ìṣẹ́jú náà. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí o padà wá dán an wò lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n ní àwọn kò lè gba ata. Mo dà á sórí tábìlì wọn, mo jáde.

Mo rí ẹ̀rọ náà kí n tó kúrò. Ọmọbìnrin kan ń lù ú, nígbà tó dé ìparí ìlà, agogo inú rẹ̀ dún gbin. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi, àfi bí ọmọ náà ṣe gbá a létí padà! Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ méjì wọlé sí. Ọmọ tí mo kọ́ dáadáa kò ní í ṣàìdúró kí ẹ̀rọ mí díẹ̀.

Mo ti sọ fún gbogbo ọjà pé mo máa ṣe sàárà àkàrà kí Iléyá tó dé, nítorí ọmọ mi tó tẹ ọ̀rọ̀ méjìdínlógójì. Ìyá Gafar ní a kì í dúpẹ́ fún ẹni tí kò yege. Mo ní kó dúró kó wòran. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹ̀wà àti òróró, bó bá sì ṣẹ́ kù, gèlè kan tí ewúrẹ́ kò ní í rí. Bí kò bá sí, ara rẹ ni kí o gbé wá. Mo ń ṣe agídí lójú wọn, Àníkẹ́, ṣùgbọ́n àárò rẹ ń sọ mí gidigidi. Bí mo bá din àkàrà náà tí o kò sí níbẹ̀, èmi ni n kò ṣàṣeyọrí, kì í ṣe ìwọ.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ilé tí o bá wọ̀, ire ni wọn yóò fi pàdé rẹ. Ọwọ́ rẹ yóò mókè, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní í gbàgbé ọ̀nà Kétu.

Èmi ni ìyá rẹ, Ajarat.

Ràímì ní ìwé ti fẹ́ tán, àyè ìlà kan ló kù. Ó tó. Ọ̀gá yín kọ̀, wọn kò fún ọ ní èènì. Èmi kò kọ̀. Gba ọ̀rọ̀ méjì tó kù, kó lè pé ogójì:

Máa bọ̀.