Ogójì Ìṣísẹ̀ Láàrin Tladi àti Ajá Mohlouoa

Puseletso ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Maseru? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òtútù kò mú ọ jù? Kí Ọlọ́run àwọn bàbá wa máa bò ọ́ bí kúbùsù ṣe ń bo darandaran lórí òkè. Èmi wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń ráhùn. Má jẹ́ kí ọwọ́ ìkọ̀wé yìí yà ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe ti ìyá Khauhelo tó ni ṣọ́ọ̀bù. Màá sọ ẹni tó ń bá mi kọ ọ́ kí n tó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ Tladi ajá wa ni. O rántí pé ìyá rẹ ló gbé e wálé nínú apẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì là, lọ́dún tí ìyá rẹ fi wá sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ya Pholo, ajá Mohlouoa aládùúgbò wa, létí. Baálẹ̀ wá ní agbo àgùntàn tèmi àti ti Mohlouoa ló jọ máa gòkè lọ jẹko nígbà ooru, bí àwọn ajá náà bá tún jà kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n pa Tladi. Mo ní wọn kò ní pa á. Baálẹ̀ ní ṣé èmi ni mo máa bá ajá sọ̀rọ̀ ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

O ṣeun tí o fi obìnrin tó ń kọ́ ajá ránṣẹ́ sínú fóònù. Mo gbé fóònù ti ògiri, mo mú Tladi jókòó síwájú rẹ̀ kó kẹ́kọ̀ọ́. Mo kí obìnrin náà, kò dá mi lóhùn, mo fi jì í torí pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tladi lá a lójú, ó sùn lọ, bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kẹta obìnrin náà dúró gbagidi, ó la ẹnu sílẹ̀. Ìyá Khauhelo ní dátà ló tán, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ jẹun.

Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ìyá Khauhelo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi pé èmi gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà fún. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà. Mo ka ogójì ìṣísẹ̀ láti ògiri Mohlouoa, mo fi òkúta sàmì síbẹ̀. Láràárọ̀, bí Tladi bá wo Pholo tí kò kùn, mo ń fún un ní ọ̀rá àgùntàn, ọjọ́ kejì màá sún òkúta síwájú. Mohlouoa á jókòó sórí ògiri, á máa sọ fún ajá rẹ̀ kí n lè gbọ́, pé Pholo, wò ó dáadáa, ta ló ń kọ́ ta nínú àwọn méjèèjì yẹn? O mọ̀ pé láti ìgbà tí yìnyín wó ògiri rẹ̀, tí Mohlouoa kó òkúta ọgbà àgùntàn mi lọ fi tún un ṣe, a kì í kí ara wa.

A dé ogún ìṣísẹ̀, a há síbẹ̀. Tladi ń kùn, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ń dìde. Ọjọ́ méjìlá, nínú òjò, nínú afẹ́fẹ́, mi ò kúrò níbẹ̀. Ìyá Khauhelo wá wò wá, ó ní bàbá, obìnrin inú fóònù ní kí okùn ọrùn ajá dẹ̀, ẹ wo ọwọ́ yín. Mo wò ó. Mo di okùn mú bí ẹni tó di akọ màlúù mú. Mo dẹ̀ ẹ́. Mohlouoa jáde, ọwọ́ mi tún le. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìbínú tèmi ni ajá ń gbọ́, ó ń gba okùn lọ sí ọrùn rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí agbo gòkè, Mohlouoa jáde. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo ní khotso, àlàáfíà fún ọ. A kì í fi ìkúùkù kí èèyàn, àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ là, torí náà okùn bọ́ sílẹ̀. Mohlouoa dúró bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè. Òun náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní khotso, ọmọ Ramoeletsi, mo rò pé wàá kú kí o tó kí mi. Tladi wò mí, ó wo Mohlouoa, ó rìn lọ gbóòórùn Pholo, ó sì dùbúlẹ̀.

Mohlouoa ló ń kọ lẹ́tà yìí, ìwé tó kọ́ níbi ìwakùsà ló ń lò. Mo ní kó kọ ọ́ síbí pé òun kó òkúta mi, ó ní òun kì í kọ irọ́. Mo ní lẹ́tà kò ní parí nìyẹn. Ó ti kọ ọ́ báyìí, ó ní márùn-ún péré ni.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo ọ̀rá ọbẹ̀ mi ti wọ ikùn Tladi. Ra dátà fún obìnrin náà kí ebi má pa á, sọ fún un pé baálẹ̀ ti wá fojú ara rẹ̀ rí i, Tladi ń gòkè lọ́la. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkúùkù kí ọ ní Maseru.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sekhobe Ramoeletsi