Orúkọ Adákẹ́ Nínú Ìwé Ológun

Ọjọ́ Ajé, 18 Nofẹ́ńbà 2024. Ìkọ̀lé.

Ràhmát pè láti Èkó kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò kí mi dáadáa. Ó ní ìgbìmọ̀ kan ti wà ní Àbújá báyìí tí yóò tún ẹjọ́ àwọn sójà tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹ̀ wò. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé ẹni, wọn yóò tún un ṣe, bí èèyàn bá ti ní ẹlẹ́rìí. Ogúnjọ́ Disẹ́ńbà ni wọ́n máa tìlẹ̀kùn. "Màámi, ẹ sọ fún Dádì." Àfi bí ẹni pé ó rọrùn láti sọ nǹkan fún Dádì ẹ̀.

Adákẹ́ ni mo ń pe ọkọ mi nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀, Bàbá Ràhmát ni. Ràṣídì ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó jagun ní Làìbéríà, ó padà dé láàyè, wọ́n sì lé e. Wọ́n kọ ọ́ pé ó sá lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ ẹ, ohun tó sì sọ fún mi nígbà náà kò kún ṣíbí: wọ́n fún òun láyè lọ sílé, òun pẹ́ kí òun tó padà. Ẹ wà níbo? "Ilé." Ilé wo? Ó dìde, ó lọ pọn omi.

Ìṣẹ́gun, 19.

Mo sọ fún un. Ó ní, "Hẹn."

Ọjọ́rú, 20.

Kò jẹun àárọ̀. Àná náà kò jẹ. Ó ní ebi kò pa òun. Bó bá jẹ́ pé torí fọ́ọ̀mù ló ṣe ń bá mi bínú, kó máa bínú lọ. Ọbẹ̀ mi kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 21.

Kí n kọ ohun tó ń dùn mí síbí. N kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Jánúárì tí wọ́n fi ń ṣèrántí àwọn sójà tó kú sógun, àwọn ajagunfẹ̀yìntì máa ń pé jọ níwájú gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, tàwọn ti fìlà àti mẹ́dàlì. Ọkọ mi á mú àdá, á gba oko lọ, nínú ọyẹ́. Èyí tó wá burú jù ni ti ọjọ́ ìgbéyàwó Ràhmát. Àna wa kan béèrè bóyá ó gba ẹ̀yẹ kankan lójú ogun. Abdulrasheed, alága àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ló dá a lóhùn: "Ó gbà á. Ẹ̀yẹ ẹsẹ̀ yíyá." Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Adákẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fà á báyìí. N kò fẹ́ kó jẹ́ ìyẹn ni wọ́n á máa sọ lábẹ́lẹ̀ níbi fídáù rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n tún orúkọ rẹ̀ ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Jímọ̀, 22 Nofẹ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lónìí.

Ó ti mọ́sálásí dé, ó jẹun yó — ó wá jẹun! — mo gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀. Mo ní ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ wà sí i kí n sinmi. Mo ti ń retí kó dìde lọ pọn omi rẹ̀. Ó jókòó. Ó ní, "Ìtàjí ni mo wà."

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Láyí, ọmọ Ìtàjí. Wọ́n jọ wọṣẹ́ ológun ni, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Làìbéríà. Ìbọn bá Láyí níbi tí wọn kò ti lè gbé òkú kúrò. Ọwọ́ ọkọ mi ló kú sí. Ó sì ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá ń ṣe bí ẹnì kan bá kú sájò tí òkú rẹ̀ kò ní lè délé: ó fi abẹ gé díẹ̀ nínú irun rẹ̀, ó gé èékánná rẹ̀, ó wé e sínú áńkáṣíìfù, ó tì í bọnú ìbọ̀sẹ̀. Kò sọ fún ọ̀gá kankan. Ó fẹ́ kí ilé kọ́kọ́ gbọ́ ná kí ìwé tó gbọ́. Àwọn ológun ní tiwọn kò rí òkú, wọ́n kọ ọ́ pé Láyí sọnù.

Bí ọkọ̀ ṣe gbé wọn padà dé Èkó tí wọ́n fún wọn láyè ráńpẹ́, Ìtàjí ló gbà lọ tààrà. Bàbá Láyí gba ìdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́, pé yóò kú tẹ̀lé ọmọ. Ó tún ní ẹni tó gbé e wá kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Wọ́n ní láti wá ọgbọ́n rán ìyá lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìrè. Wọ́n ní láti dúró de ẹ̀gbọ́n bàbá tó wà ní oko ọ̀nà jíjìn. Ọjọ́ ń lọ. Wọ́n sin ín, bàbá sì ní kó búra pé kò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè. Ó búra.

Ìgbà tó fi dé bárékè, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìsáǹsá ni. Wọ́n bi í níbo ló lọ. Ó ní, "Ilé." Bó ṣe wí fún mi gẹ́lẹ́.

Mo ní ìbúra yẹn wá ńkọ́? Ó ní láti Ìṣẹ́gun ni òun ti ń gba ààwẹ̀ ìtánràn rẹ̀, àná ló parí. Èmi rò pé ọbẹ̀ mi ló ń bá jà.

Bàbá Láyí ti kú. Ìyá wà láàyè. Kò mọ̀. Ó ṣì ń retí ọmọ.

Mo sunkún. Kì í ṣe torí Láyí nìkan. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbèjà ọkọ mi níta, nínú ọkàn mi, mo rò pé ẹ̀rù ló bà á.

Ọjọ́ Àìkú, 24.

Ẹnì kan ṣẹ́kù tó mọ̀: Adéoyè, àbúrò Láyí, tó wà ní Ìbàdàn. Òun ló di fìtílà mú lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìdì náà. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ Adákẹ́, mo pè é. Ṣé yóò bá wa búra ní kóòtù? Ó ní bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé Láyí kú ni ọkọ mi yóò tó bọ́, àwọn ológun yóò sì kọ̀wé sí ẹni tí Láyí fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ìyá ló fi sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé pa ìyá mi."

Kò sí bí a ṣe fẹ́ tún orúkọ ọkọ mi ṣe tí ikú Láyí kò ní dé etí ìyá. Adákẹ́ ní kí n fi sílẹ̀. N kò fi sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 27 Nofẹ́ńbà.

Mo lọ Ìtàjí. N kò sọ fún ọkọ mi. Mo gun ọ̀kadà, mo ní epo ni mo fẹ́ rà.

Ìyá Láyí ń ṣa ẹyìn níwájú ilé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu rẹ̀ mú. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní bàtà mi ti dára jù fún ẹni tó ń ra epo. Ó bu iṣu fún mi kó tó bu epo. Mo ti múra láti rí arúgbó kan tí ìrètí ti sọ di ẹni àánú. Ẹ̀rín ni obìnrin yìí ń fi mí rín.

Ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé mo béèrè. "Láyí tèmi ti ulé lọ ogun Làìbéríà. Wọ́n ní wọn ò rí i. Ẹni tí wọn ò rí, ṣé ó kú ni?" Lóṣooṣù ló ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọmọ tó wà lájò.

Ó yẹ kí n dìde nígbà yẹn. Ẹnu mi kò gbà fún mi. Mo bi í bóyá ó wà nílé nígbà tí àwọn sójà kọ́kọ́ ń padà dé. Ó ní rárá, òun lọ Ìrè, Bàbá Láyí ló rán òun ní iṣu lọ fún àbúrò òun, tó ní kí òun má tètè bọ̀. Ó sọ ọ́ tán. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹyìn. Ó wò mí. Ó ní, "Ta ni ọkọ rẹ?"

Mo sọ fún un. Mo gbé epo, mo sá.

Ọjọ́bọ̀, 28.

N kò tíì sọ fún Adákẹ́. Epo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àbámẹ́ta, 30.

Ọlọ́kadà kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ láti Ìtàjí: kí Sójà wá, kó wá fúnra rẹ̀. Ọkọ mi yíjú sí mi. "Mùjí, kí lo ṣe?" Kò pariwo. Ó sàn kó pariwo. Ó pe Adéoyè pé kó máa bọ̀ láti Ìbàdàn. A kì í dá túfọ̀ ọmọ fún ìyá.

Ọjọ́ Ajé, 2 Disẹ́ńbà.

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí.

Kó tó dọ̀bálẹ̀ tán ni ìyá ti bi í: "Ìwọ lo wá sí ulé mi nígbà tí mo lọ Ìrè?" Ó ní òun ni. "Kí lo gbé wá?" Ó sọ fún un. Ìyá kò ké. Ó bi í ta ló pa ojú Láyí dé. Ó ní òun ni. Ó bi í ṣé wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ó ní omi kò sí níbẹ̀, àfi èyí tó kù nínú ìgò mímu òun, òun fi bọ́ ọ lójú. Ìyá ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Adéoyè fẹ́ nawọ́ sí ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá dijú. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ.

Lẹ́yìn èyí ló ní ṣé wọ́n ti jẹun.

Adéoyè ló dá ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ojú ń tì í. Ó ní orúkọ ọkùnrin yìí bàjẹ́ nítorí wa, ó ń wá ẹlẹ́rìí. Ìyá ronú títí. Ó ní, "N ò ní tẹ̀ka. Ìyá kì í tẹ̀ka sí ukú ọmọ ẹ̀. Ùwé yẹn ò gbọdọ̀ wọ ulé mi nígbà tí mo wà láyé. Adéoyè, ìwọ náà ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́."

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Màmá."

Ìṣẹ́gun, 3.

Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí Ìyá Láyí, inú ń bí mi sí Adákẹ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé tó ti ń ru ẹrù wọn, ìka kan péré ni a ní kí wọ́n fi tẹ ìwé. Mo se ọbẹ̀, n kò bá a jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 5.

Mo ṣe nǹkan burúkú lónìí. Mo ń to ìwé àwọn ọmọ iléèwé sórí pẹpẹ, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń ṣírò ọjọ́ orí Ìyá Láyí, bóyá ìgbìmọ̀ mìíràn yóò tún jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó fún mi níṣu jẹ! Mò ń dúró de ikú rẹ̀. Astaghfirullah. Mo gbé epo rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi se ọbẹ̀. Ó dùn.

Jímọ̀, 20 Disẹ́ńbà.

Wọ́n tìlẹ̀kùn lónìí. Ràhmát sunkún lórí fóònù. Adákẹ́ kírun Jímọ̀ tán, ó gba Ìtàjí lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí. Ó ní ìyá fẹ́ gbọ́ nípa Láyí — kí ló ń jẹ níbẹ̀, ta ló ń bá a ṣeré. Ó ń rò fún un. Ọkọ mi ń jókòó rò fún ènìyàn! Mo jowú díẹ̀, kí n má purọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Jánúárì 2025.

Ó rò ó fún èmi náà. Láyí bẹ̀rù omi, ó so ara rẹ̀ mọ́ òpó ọkọ̀ láti Èkó dé Mọ́nróvíà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 15 Jánúárì.

Kí n rọra kọ ọ́.

Ọyẹ́ mú. Ọkọ mi ti mú àdá. Ọ̀kadà kan dúró, Ìyá Láyí sọ̀ kalẹ̀, eruku bo gèlè rẹ̀. Ó wo àdá náà. Ó ní, "Sójà, gbé uyẹn sílẹ̀. Lọ wọ aṣọ."

Ọkọ mi bá a jiyàn. Ó ní òun kì í lọ síbẹ̀. Ìyá ní òun kò gun ọ̀kadà wá láti Ìtàjí torí àtiwá wo oko rẹ̀. Ọkọ mi wọ káfútáànì funfun. Mo tẹ̀lé wọn, bàtà mi kò bára mu, n kò mọ̀ títí a fi débẹ̀.

Wọ́n ti tò síwájú gbọ̀ngàn. Alága Abdulrasheed ń sọ̀rọ̀. Ìyá Láyí kò dúró kó parí. Ó di ọkọ mi lọ́wọ́ mú, ó wọ́ ọ lọ sí àárín, ó sì pariwo pé kí ùlú gbọ́. Ẹnì kan fẹ́ fà á sẹ́yìn. Alága ní kí wọ́n fi Màmá sílẹ̀.

"Ẹ ní ó sá. Ó sá lóòótọ́. Ulé mi ló sá wá. Ọmọ mi tí mo bí fún ogun, òun ló gbé e wálé fún mi, tí kò jẹ́ kó ṣòfò sínú igbó. Ó sì panu mọ́ torí tèmi, ẹ wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. N ò ní tẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Alága kò mọ̀dí ọ̀rọ̀, ó rọra béèrè bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún àgbà: "Màmá, ọmọ yín ọ̀hún dà báyìí?"

Ọkọ mi gbórí sókè. Èmi náà di ara mi mú. Gbogbo ohun tí a ti ń sá fún láti Nofẹ́ńbà ni ọkùnrin yẹn béèrè ní gbangba.

Ìyá Láyí kọjú sí i. Ó ní, "Ó wà ní ulé."

Gbogbo àwọn sójà àgbà yẹn ló yé. Mo rí i lójú wọn. Abdulrasheed ṣí fìlà. Ó dìde lórí àga tirẹ̀, ó ní kí Ràṣídì wá jókòó. Ọkọ mi gbé ìyá jókòó síbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó na ara rẹ̀ ṣánṣán bí n kò ṣe rí i rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, títí wọ́n fi fun fèrè tán.