Ẹni Tó Fi Ìka Lu Apá Ọkọ̀ Òfuurufú: Ìgbésí Ayé Bàbá Gideon Ọ̀ṣunníyì (1951–2025)

Ìlú Òkè-Ọ̀dàn ni a ti bí Bàbá Gideon Ọ̀ṣunníyì, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ọdún 1951. Pa Ayọ̀dàmọ́lá Ọ̀ṣunníyì, àgbẹ̀ alágbàdo, ni bàbá wọn. Màmá Ọmọ́délé, amọ̀kòkò tí gbogbo ọjà mọ̀ bí ẹni mowó, ni ìyá wọn. Kí ìkòkò Màmá tó dé ọjà, Gideon ọmọ ọdún mẹ́fà ni yóò fi eegun ìka lù ú yípo. Èyí tó bá dún gooro, ọjà yá. Èyí tó bá dún pọ̀kọ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán, ó ti sán nínú nìyẹn, Màmá kì í sì í tà á fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá ka ìwé mẹ́fà ní Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n sì ka ìwé mẹ́wàá ní Ìlaro. Ní 1973, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe ní Zaria. Nígbà tí Pa Ayọ̀dàmọ́lá gbọ́, wọ́n béèrè bóyá kò sí mọ́tò tó bàjẹ́ nílẹ̀ mọ́ ni. Ní 1976, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkejà tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké gbé èrò gba Bàbá síṣẹ́ ayẹkọ̀wò. Ọkọ̀ tí wọn kò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fò.

Ní ojú ọ̀nà Igbogila, nínú bọ́ọ̀sì tí táyà rẹ̀ jò, ni Bàbá ti pàdé Mẹ̀dínátù, ọmọ Alhaji Bàrúwà ti Ayétòrò. Bàbá bá awakọ̀ pààrọ̀ táyà, Mẹ̀dínátù bu omi fún wọn fọwọ́, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ìdána bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, 1981. Ọkàn Alhaji kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ sí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Wọ́n ti kìlọ̀ pé bí ọkọ bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ dé, àwọn yóò dá ẹrù ìdána padà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ọkọ̀ elérò mẹ́fà kan wà níwájú Bàbá fún àyẹ̀wò. Kápútẹ́nì Dèjì tó wà á ti sọ pé òun balẹ̀ gìrì lánàá. Bàbá wò ó títí, wọn kò rí ohun tó ṣẹ́. Ni wọ́n bá fi eegun ìka lu apá ọkọ̀ bọ̀ láti ìpẹ̀kun: gooro, gooro, gooro. Nígbà tí ìka dé ibi tí apá ti pàdé ara ọkọ̀, ó dún pọ̀kọ̀. Wọ́n wò ó fínnífínní: ọ̀dà ibẹ̀ ti hunjọ díẹ̀, eruku dúdú sì yí orí ìṣó mẹ́ta ká bíi tìróò. Irin ń mira nínú níbi tí kò yẹ kó ti mira.

Èrò mẹ́rin ni yóò bá ọkọ̀ náà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. “Gideon, ìkòkò ni ìyá ẹ ń tà, èyí kì í ṣe ìkòkò. Fọwọ́ sí i, kó o lọ gbéyàwó ẹ.”

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò ná.”

“Tá a bá ṣí i tá ò rí nǹkan kan ńkọ́?”

“Mà á kó ẹrù mi lọ sílé, sà.”

Ọ̀gá gbà, ọkọ̀ náà kò sì ní fò lọ́jọ́ kejì mọ́, ṣùgbọ́n Bàbá mọ̀ pé bí àwọn bá kúrò níbẹ̀, ẹlòmíràn yóò fọwọ́ sí i. Wọ́n sọ fún àwa ọmọ láìfi bò pé ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ bà wọ́n, ẹ̀rù kí ìyàwó má bọ́ sì bà wọ́n jù ú lọ. Wọ́n fi lẹ́tà rán awakọ̀ kan sí àbúrò wọn, Báyọ̀, pé àwọn lè pẹ́, wọ́n sì ki ọwọ́ bọ iṣẹ́. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni awọ apá ọkọ̀ tó ṣí. Irin gbọọrọ tó gbé apá náà ró ti sán. Ojú ibi tó sán gùn tó ìka àárín. Kápútẹ́nì Dèjì rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun. Nígbà tó dìde, ó fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé Bàbá, ó di Ayétòrò.

Ọkọ kò tíì dé ní Ayétòrò, ẹbí Ọ̀ṣunníyì sì ti ta ọgbọ́n: wọ́n dé fìlà ọkọ ìyàwó fún Báyọ̀, Báyọ̀ sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ṣàlàyé fún Màmá Àṣíáwù, ìyá Alhaji, tí ojú wọn ti ṣe bàìbàì. Màmá fa Báyọ̀ mọ́ra, wọ́n sì ṣàdúrà ọkọ ìyàwó lé e lórí fún odidi ìdajì wákàtí. Nígbà tí Bàbá wọlé tòun ti gíríìsì lápá, Màmá fi ọ̀pá dá wọn dúró: “Ta tún nìyí? Mo ti súre fún ọkọ ọmọ mi! Ẹyọ kan là ń fọmọ fún o!”

Kí Bàbá tó la ẹnu, Kápútẹ́nì Dèjì ti dọ̀bálẹ̀, ó sì rojọ́ bí ọkọ̀ ṣe sán àti bí òun ìbá ti gbé e fò. Alhaji wo ọwọ́ Bàbá tó dúdú fún gíríìsì. “Ẹni tí ò fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré,” wọ́n ní, “á tọ́jú tèmi.” Ayọ̀ gba ilé kan. Màmá Àṣíáwù kò yí àdúrà wọn padà o; títí ọlọ́jọ́ fi dé, Báyọ̀ ni wọ́n ń pè ní ọkọ Mẹ̀dínátù.

Bàbá fẹ̀yìn tì sí Ìlaro ní 2011. Wọ́n jẹ́ alàgbà ìjọ, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń fi mọ́tò gbé Màmá Mẹ̀dínátù lọ sí mọ́ṣáláṣí ní gbogbo Jímọ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń ti Ìmẹ̀kọ wá kí Bàbá lè yẹ ọ̀kadà wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bàrà ẹ̀gúsí, ilẹ̀kùn, táǹkì omi ṣọ́ọ̀ṣì: kò sí ohun tí Bàbá kì í fi ìka lù.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, 2025 ni wọ́n dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n fi Màmá Mẹ̀dínátù sílẹ̀, àti Toheebat, Ayọ̀dàmọ́lá àti Azeezat tí í ṣe ọmọ, ọmọ ọmọ méje, àti Bàbá Báyọ̀, àbúrò wọn. Kápútẹ́nì Dèjì wà láàárín wa lónìí, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tó bí lẹ́yìn ọdún 1981.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Lóṣù Kọkànlá tó kọjá, Bàbá lọ bá káfíńtà pé kó kan pósí àwọn. Nígbà tó kàn án tán, wọ́n fi ìka lù ú yípo. Pákó kan lápá ẹsẹ̀ dún pọ̀kọ̀, wọ́n ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Káfíńtà pààrọ̀ rẹ̀, ó dún gooro. Bàbá bá mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè lọ. G. Ọ̀ṣunníyì.” Ẹ̀yin tí ẹ óò gbé wọn lónìí, ẹ má fòyà.

Ẹ sùn re o, Bàbá Gideon. Kí ilẹ̀ gbà yín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.