Wọ́n Ní Kí N Má Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Adití Mọ́

Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ọkọ yín àti àwọn ọmọ, ṣé ara wọn le? Èmi ò ṣàìsàn o, inú ló ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó pa mí.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń fọwọ́ túmọ̀ ìwàásù fún àwọn adití ìjọ wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, pásítọ̀ wàásù lórí wòlíì Hébérù tó sọ fún àwọn tó ń gbààwẹ̀ pé Ọlọ́run ò gbọ́ tiwọn, nítorí wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Ti Bàbá Ìjọ ló le jù.

Nígbà tí pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, adití kan tó ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ Bàbá Ìjọ bá dìde. Ó fọwọ́ sọ̀rọ̀, mo sì fẹnu sọ ọ́ jáde bó ṣe wí i: "Bàbá, tí a bá kúrò nínú ìsìn yìí, ìdí áyọ́ọ̀nù yín ni à ń padà sí. Oṣù mẹ́ta rèé tí a ò sinmi lọ́jọ́ kan. Ìka mi méjì ti jóná, ìka tí mo fi ń sọ̀rọ̀ sì ni. Ṣé àwa ni òṣìṣẹ́ tí wòlíì yẹn ń wí?"

Ìgbà tí àwọn ará ìjọ máa lanu, èmi ni wọ́n dojú kọ! Ìyá Ìjọ ní, "Kí ló dé tí o fi ń bú àgbàlagbà?" Mo ní èmi kọ́, mo kàn túmọ̀ ni. Wọ́n ní ǹ bá ti dọ́gbọ́n sí i. Ọgbọ́n wo? Ṣé ọ̀rọ̀ ara wọn làwọn wòlíì náà ń sọ ni? Ẹnì kankan ò wo ìka ọkùnrin yẹn. Ẹnì kankan ò béèrè bóyá òótọ́ ni.

Lánàá ni àwọn àgbà ìjọ ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ pásítọ̀ fún àwọn adití, ṣùgbọ́n kí n má túmọ̀ ọ̀rọ̀ adití fún ìjọ mọ́. Ẹ gbọ́ nǹkan! Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Mo gba ilé ìfọṣọ lọ sọ fún ọkùnrin náà. Ó ṣì wà nídìí áyọ́ọ̀nù, ó fi aṣọ wé ìka. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fi ìka wíwé yẹn sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: "Wọ́n gbọ́ nìyẹn."

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ má sọ fún Màámi o, wọ́n á ní ẹnu mi ló ń kó bá mi.

Èmi àbúrò yín tínú ń bí,
Àbíkẹ́yìn.