Orúkọ Tí Màmá Alága Pè

Ilé Àwọn Nọ́ọ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Ńlá.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ọlọ́wọ́ Fúyẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó máa ń sá fún ìwẹ̀? Orúnkún màmá wa ńkọ́, ṣé ó ti ń gbóògùn? Bó o bá bèèrè mi, ara le, àmọ́ inú mi ò dùn rárá.

Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì akunnilóorun mọ́. Látìgbà tí Màmá Alága ti ní kó o lọ jókòó sílé, torí o sọ ohun tí ọkùnrin aláìsàn kan wí nígbà tí oorun oògùn ń gbé e lọ, o ò wá sípàdé mọ́, o ò sì kí wọn mọ́. Ẹ̀rín la fi ọ̀rọ̀ náà rín nígbà yẹn, a ò mọ̀ pé yóò détí ìyàwó ọkùnrin yẹn. Àmọ́ o mọ òfin wa: ohun tí ẹni tó ń sùn lọ bá sọ, inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni kó kú sí.

Màmá Alága ló ń ṣàìsàn. Inú ń run wọ́n, wọ́n ń fẹ̀rín bò ó, títí kò fi ṣe é bò mọ́. Nígbà tó di pé kí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní èmi ni kí n kun àwọn lóorun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, nínú àwa méjèèjì, ta ni wọ́n fẹ́ la inú ẹ̀?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà ṣí inú wọn, ó wò ó, ó mirí, ó sì fi òwú rán an padà. Àìsàn náà ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe. Nígbà tí Màmá jí, ojú fèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Oòrùn àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó yẹ kó gbà wá títí dìrọ̀lẹ́ ni. Ta ló fẹ́ purọ́ fún ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́? Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ẹ ti rán an padà, àbí?" Ẹkún ni mo fi dáhùn.

Wọ́n ti wà nílé báyìí. Dókítà ò fọkàn wa balẹ̀ pé wọ́n á rí oṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, inú yàrá wọn lẹgbẹ́ máa ti ṣèpàdé, torí wọ́n ní àwọn ò tíì gbé ipò sílẹ̀ fẹ́nì kankan. Ọ̀rẹ́ mi, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Jọ̀ọ́, wá.

Wọn ò rán mi sí ọ o. Ìwọ náà mọ agídí wọn. Àmọ́ bí oorun ṣe ń gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà, tí ahọ́n wọn ti ń wúwo, orúkọ tí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́ ni wọ́n pè: "Ọlọ́wọ́ Fúyẹ́ ọmọ mi ńkọ́? Ṣé kò tíì dé ni?"

Bá mi kí ọkọ rẹ àti màmá wa. Fi omi tútù lé ọmọ yẹn wọ balùwẹ̀.

Èmi ni tìrẹ, tó ti rú òfin bíi tìrẹ,
Ẹlẹ́kún.