Ohun Tí Mo Sọ Fún Ìyálé Mi

Àìkú, 9 Oṣù Kẹta
Gbohùngbohùn tún fi igbe ya wá létí lónìí. Pásítọ̀ Dayal ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ — kò mọ̀. Ó ní iṣẹ́ ìwàásù kì í ṣe tòun nìkan, kí olúkúlùkù wa sọ ti Jésù fún ẹnì kan kó tó di Àjíǹde. "Ẹ ò nílò ìwé. Ohun tó ṣe fún yín ni kí ẹ sọ." Ilé díẹ̀ ni àwa onígbàgbọ́ ní abúlé yìí. Gbogbo wa ń wolẹ̀. Bisru, ọkọ mi, ráhùn títí a fi délé: "Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìlú ló ń sùn ní tiẹ̀."

Ajé, 10
N kò lè sọ ọ́. Ẹnu mi ò yá.

Ọjọ́rú, 12
Mo sọ ọ́! Èmi àti Ìyálé — Jhitri, ìyàwó Kosa tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi — jọ lọ ṣa òdòdó igi mahua tó já bọ́ sílẹ̀ nínú igbó. Òun ló bi mí. "Ìyàwó, nígbà tí ọmọ rẹ kú, a rò pé ìwọ náà á bá a lọ ni. Ní báyìí, orin lò ń kọ. Kí lo lò?" Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo sọ Ẹni tó gbé mi dìde. Kò jọ ìwàásù rárá. Ìyálé ń ṣa tiẹ̀ lọ, kò wò mí. Ó wá ní, "Èmi náà fẹ́ Ẹni yẹn."

Àbámẹ́ta, 15
Ìyálé kọ̀, kò gbé adìẹ lọ fún òòṣà abúlé. Onírunmú — Kosa nìyẹn — lù ú. A ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Bisru dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó lọ. Kosa ní, "Ìyàwó rẹ ló ba tèmi jẹ́. Pa á lẹ́nu mọ́, kí n má baà wá bá ọ pa á mọ́."

Ajé, 17
Àwọn ará abúlé lé wa nídìí ẹ̀rọ omi. Obìnrin kan ta ìkòkò mi nípàá, ó fọ́. Gbohùngbohùn pè lórí fóònù: ká dákẹ́ ná, ká má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20
Kosa kó àwọn ará abúlé dé bá wa nídìí abọ́ ìrẹsì. Wọ́n kọ́kọ́ sun ilé àdúrà wa. Wọ́n wọ́ Bisru lẹ́sẹ̀ dé gbàgede. Ẹ̀rú àáké ló wà lọ́wọ́ Kosa. Mo gbọ́ egungun apá ọkọ mi — ó dún bí igi ìdáná. Wọ́n ní kó sẹ́ Jésù. Ó ní rárá. Wọ́n tún lù ú. Etí rẹ̀ ya. Kosa kọjú sí mi: "Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Sọ pé o ti fi í sílẹ̀, kí n sọ igi yìí sílẹ̀." Bisru ń mi orí sí mi, ẹ̀jẹ̀ kún eyín rẹ̀. Igi gòkè.
Mo ní, "Mo ti fi í sílẹ̀."
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi ìyẹ̀fun pupa kùn mí níwájú orí, àmì pé mo ti padà sí ẹ̀sìn wọn. Wọ́n wá yí sí Ìyálé — wọ́n rò pé tiẹ̀ á rọrùn. Ẹni tí kò tíì mọ orin kan! Ó ní, "Ẹni tí ìyàwó sọ fún mi, èmi ò fi í sílẹ̀ o."
Ẹ̀rú àáké yẹn. Orí. Àgbọ̀n. Nígbà tó ṣubú, ẹsẹ̀.
Mo dúró. Mo ń wò.

Ẹtì, 21
Bisru ò bá mi sọ̀rọ̀.

Àìkú, 23
Ilé ìwòsàn, a wá nítorí apá Bisru. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló mú kí Kosa gbé Ìyálé náà wá. Ó ní orí igi ló ti já bọ́. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa! O ti di tiwa. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un pé irọ́ ni ohun tí o sọ nípa Jésù yẹn, kó lè gba ara ẹ̀ sílẹ̀."
Ojú Ìyálé kan ti dí. Ẹnu rẹ̀ ò là dáadáa. Ó bi mí: "Ṣé irọ́ ni?"
Mo kúnlẹ̀.
"Òótọ́ ni, Ìyálé. Ní gbàgede ni mo ti purọ́." Mo sọ ọ́ sókè, kí Kosa gbọ́.
Ó gbọ́. Ó ti lọ pe àwọn tí wọ́n jọ lù wá. Bisru wọlé, apá rẹ̀ so kọ́ ọrùn. Ó fi ọwọ́ kejì fa àga, ó jókòó tì mí.